Ta Ni Ìjọ Yàn Fún Àwọn Àgbà?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa tí ẹ wà ní Kánò, Jọ́ọ̀sì àti Kàdúná, ẹ ṣeun fún owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí màmá nílé. Ṣùgbọ́n owó kì í di èèyàn lápá mú gun àtẹ̀gùn.

Ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, nígbà tí a gbójú fo àwọn opó kan, àdúrà nìkan kọ́ ni ìjọ gbà. Ọkùnrin 7 ni wọ́n yàn sí iṣẹ́ náà. Ìjọ ilé wa ńkọ́? Ìgbìmọ̀ ìkórè wà, ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ wà (èyí kì í sùn!). Gbọ̀ngàn tuntun ń ga sí i, àtẹ̀gùn rẹ̀ kò ní irin ìdìmú, ṣáláńgá sì wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn ìyá tó pọn omi tí a fi mọ ògiri àkọ́kọ́ ń jókòó sílé lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ẹ má sọ pé ìjọba ni yóò ṣe é. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2004, tó wà títí di ọdún 2014, àwọn olówó oṣù ló wà fún. Kò mọ ìyá alákàrà nígbà náà.

Bí ìwé ìdáwó bá tún dé ọwọ́ yín, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò: ta ló ń gbé àwọn àgbà lọ sílé ìwòsàn, ọjọ́ wo ló sì ń lọ?