Níbo Ni Ọkọ̀ Tó Ń Fa Ìgbẹ́ Ń Tú Ẹrù Rẹ̀ Sí?

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ń rùn, ẹ má bínú. Imú wa ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀ ó pẹ́, ẹnu wa ni kò tíì sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ìlú Èkó ni.

Gbogbo wa la mọ bí ilẹ̀ Èkó ṣe rí. Gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, omi dé. Ẹni tó bá wá gbẹ́ sókàwéè sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibo ni omi inú rẹ̀ fẹ́ gbà? Bí òjò oṣù kẹfà bá ti dé, á kún, á máa tú síta. Àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ òjò gan-an ni wọ́n ń dúró dè. Bó bá ti ń rọ̀ gidi, wọ́n á ṣí tiwọn sí gọ́tà kí àgbàrá bá wọn gbé e lọ, torí owó tánkà tí wọn ò fẹ́ san. Gọ́tà gbé e dé kánáàlì, kánáàlì gbé e dé ọ̀sà. Lọ́jọ́ tí omi òkun bá kún, ọ̀sà ò ní gbà á mọ́, ó ń padà wá sí ìdí àtẹ wa nìyẹn.

Ẹni tó sanwó tánkà ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, etí ọ̀sà ní Ìddó ni àwọn ọkọ̀ ti ń tú u sómi. Láyé àwọn ìyá wa, agbépòó ló ń fi orí rù ú lóru. Nígbà tó yá ó di ọkọ̀ ló ń gbé e, ọ̀sà kan náà ló sì ń lọ. Inú ọ̀sà yìí la ti ń kó ẹ̀pìà, edé àti akàn. (Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ọjà yín jẹ́ o. Ọjà yín ni mo ń jà fún.)

Ní 1991, àrùn onígbáméjì pa ju 7,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà 2024, ó tún jà l'Ékòó. Bó bá sì ti dé, ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ nàka sí? Ìyá olóúnjẹ, ẹlẹ́kọ, onísóbò. Wọ́n á ní ọwọ́ wa ò mọ́. Ó dáa, a ó fọwọ́. Ṣé omi kàǹga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sókàwéè náà la ó fi fọ̀ ọ́?

Àwọn ará London náà jẹ irú ìyà yìí rí. Ìgbẹ́ wọn ń ṣàn sínú odò Thames, onígbáméjì ń pa mẹ̀kúnnù, ìjọba ń wò wọ́n. Àfìgbà tí òórùn odò náà wọ ilé aṣòfin nígbà ooru 1858! Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ṣòfin tó mú owó jáde, tí ẹnjiníà tó ń jẹ́ Bazalgette fi la gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ káàkiri ìlú. Nígbà tí ìyẹn kò gba omi òjò mọ́, wọ́n tún la ihò ńlá mìíràn, kìlómítà 25, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pátá ní 2025.

Àwa náà ti rí i rí. Festac Town tí wọ́n kọ́ fún ayẹyẹ 1977 ní páìpù abẹ́ ilẹ̀ tó ń kó ẹ̀gbin ilé lọ síbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ. Àìtọ́jú ló bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní ká bẹ ìjọba kó wá ṣí ohun ńlá kan pẹ̀lú ìlù àti fọ́tò.

Ohun tí mo fẹ́ kéré. Káńsù ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́. Kí wọ́n fi nínú rẹ̀ ṣe táǹkì tí kò jò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà, kí wọ́n máa fa á kó tó kún. Àwa fúnra wa, ẹ jẹ́ ká pinnu pé ọkọ̀ tó bá fa ti ọjà kò ní gba owó rẹ̀ tán àfi tó bá mú rìsíìtì wá láti ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ̀gbin. Kò sí rìsíìtì, kò sí owó.

Àwọn kan á ní owó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yóò lé sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò lé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó ọjọ́ kan tí wọ́n bá ti ọjà pa nítorí onígbáméjì, kí ẹ fi wé e. Ẹ jẹ́ ká gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí Ìyálọ́jà lè mú un dé káńsù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.