Ẹ Má Fi Ìgbẹ́kẹ̀lé Ará Ilé Ṣòwò fún Oníjìbìtì

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó kó owó sínú òwò orí fóònù kan tó ń jẹ́ CBEX ṣí fóònù wọn, òdo ni wọ́n bá níbi tí wọ́n ti ń ka dọ́là tẹ́lẹ̀. Wọ́n sáré lọ sórí Telegram láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n bá a pé àwọn alábòójútó ti ti ẹgbẹ́ pa, ẹnikẹ́ni kò lè kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ mọ́. N'Íbàdàn, inú bí àwọn èèyàn débi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì tí CBEX ń lò ní Òkè-Àdó, wọ́n sì kó ẹrù tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ. Nígbà tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábújá nínú oṣù kan náà, wọ́n ní owó tó bá a lọ lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Adájọ́ sì fún wọn láṣẹ láti mú èèyàn mẹ́fà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé àwọn ló ń polówó rẹ̀.

Ìròyìn náà lè ti di àná létí àwọn kan, ṣùgbọ́n irú òwò bẹ́ẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Orúkọ lásán ni wọ́n ń pààrọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá gbogbo ará Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ̀rọ̀, láti Igbọ́kọ̀dá títí dé Awóyè, títí kan àwọn ọmọ wa tó wà ní Makoko l'Ékòó àti àwọn tó ń pẹja ní etíkun Kútọ̀nù. Ohun tó dá wa lójú ni pé oníjìbìtì orí fóònù kì í kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín ọmọ ìyá, ará ìjọ àti ẹlẹgbẹ́ ẹni ló kọ́kọ́ ń yá lò. Òun ló wá fi ń gba owó. Nítorí náà, ẹni tó bá mú ará ilé rẹ̀ wọ irú òwò bẹ́ẹ̀, tó sì gba kọmíṣọ́ọ̀nù lé e lórí, ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀ràn náà, bí òun náà tilẹ̀ pàdánù.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó fẹ́ wọ CBEX á kọ́kọ́ fi náírà ra USDT, ìyẹn owó kírípítò tí iye rẹ̀ bá dọ́là dọ́gba, á sì fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n júwe fún un. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa dúró de àmì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí Telegram lójoojúmọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní "signal". Bí àmì bá ti dé, á dà á kọ, á tẹ bọ́tìnì, owó ojú fóònù á sì gbẹ́sẹ̀ sókè. Wọ́n ní ẹ̀rọ AI ló ń bá a rà, tó ń bá a tà, àti pé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ owó rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Wọ́n kì í jẹ́ kó tètè yọ owó. Bí ó bá mú ẹlòmíràn wọlé, wọ́n á bù fún un. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ pàápàá, wọ́n yá a ni: ọjà ìdókòwò kan tó jẹ́ ojúlówó nílùú Beijing ní orílẹ̀-èdè China ló ń jẹ́ CBEX kí tiwọn tó dé.

Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì náà lálaalẹ́ gbà pé òun ń ṣòwò. Kò sí ohun kankan tí ó ń rà, kò sí èyí tí ó ń tà. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ síwájú rẹ̀, owó ẹni tó wọlé lónìí ni wọ́n sì fi ń san ti ẹni tó wọlé lóṣù tó kọjá. Bí àwọn tó ń wọlé bá ti dín kù, tàbí tí àwọn tó dá a sílẹ̀ bá ti fẹ́ kó owó lọ, ó parí nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni mú bírò àti ìwé, kó bá wa ṣírò rẹ̀. Bí 100,000 náírà bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, á di 200,000 ní oṣù kìíní, á di 3,200,000 ní oṣù karùn-ún, nígbà tí ọdún bá sì máa yí po, á ti di 409,600,000 náírà. Ẹ̀rọ tó lè sọ owó táṣẹ́rẹ́ di irinwó mílíọ̀nù láàárín ọdún kan, kí ni olówó rẹ̀ tún ń wá 100,000 náírà lọ́wọ́ obìnrin tó ń yan ẹja sí? Obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ lè sọ ibi tí èrè tirẹ̀ ti wá. Ó mọ iye tó ra apẹ̀rẹ̀ ẹja lọ́wọ́ àwọn tó ti òkun dé, ó mọ owó igi, ó mọ owó ọkọ̀ dé ọjà Igbọ́kọ̀dá, ó sì mọ iye tí oníbàárà san. Ẹni tó bá ní òun ń jèrè ìlọ́po méjì lóṣù, kó sọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wa. Bí kò bá lè sọ ọ́, èrè kò sí níbẹ̀.

Irú rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1920, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Ponzi ṣèlérí fún àwọn ará ìlú Boston l'Amẹ́ríkà pé òun á fi èrè ìdajì lé owó wọn láàárín ọjọ́ márùndínláàádọ́ta. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé títí dòní. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, òwò kan tó ń jẹ́ MMM, tó ń ṣèlérí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù ti owó àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ nígbà tí ọdún Kérésìmesì ku ọjọ́ díẹ̀. Àjọ NDIC tó ń dáàbò bo owó inú báńkì sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù bílíọ̀nù méjìdínlógún náírà. Nígbà tí MMM padà dé, kírípítò ló gbé bọ ẹnu. Kò ju ọdún mẹ́jọ àti oṣù díẹ̀ lọ tí CBEX fi tún gbá wa mú. Ẹ̀kọ́ tí a kò fi kọ́ àwọn ọmọ tó dàgbà lẹ́yìn MMM ló jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Kí nìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Ìlàjẹ gbọ̀ngbọ̀n? Nítorí pé ìgbẹ́kẹ̀lé la fi ń ṣòwò níhìn-ín. Oníṣòwò ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ń ta ẹ́ńjìnnì fún apẹja lórí àwìn, kó tó ti òkun dé. Èsúsú ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láìsí lọ́yà. Ní ọdún 1947 tí àwọn ọmọ ìjọ Holy Apostles tẹ Ayétòrò dó sétí òkun, wọ́n kó gbogbo ohun ìní wọn sójú kan. Owó ẹja kì í wọ àpò ẹnikẹ́ni, àpò ìlú ló ń wọ̀. Owó náà ni wọ́n fi fa iná ẹ̀lẹ́tíríìkì, òun ni wọ́n fi dá ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ sílẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó jù wọ́n lọ ṣì ń tan àtùpà. Ètò náà kò wà bẹ́ẹ̀ títí. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí ni ó ti ń túká. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà, olúkúlùkù mọ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ ilé rẹ̀, ó sì ń fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí owó náà ń ṣe. Ta ló mọ ojú ẹni tó ń fi àmì ránṣẹ́ lórí Telegram? Ta ló mọ ilé rẹ̀?

Oníjìbìtì mọ̀ pé a kò ní gba òun gbọ́, ló ṣe ń rán ẹni tí a gbà gbọ́ sí wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni yóò na fóònù sí yín, tí á ní, "Màmá, ẹ wò ó, mo ti yọ tèmi." Òótọ́ ló sì ń sọ: ó ti yọ ọ́. Owó àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ kó yọ yẹn ni wọ́n fi rà á níṣẹ́. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú wá di ẹni tó fi ata sẹ́nu, láìmọ̀.

A kò ní bú àwọn tó kó sínú rẹ̀. Òkun ti kó ilé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ l'Áyétòrò. Láti ọdún 2004 ni NDDC, àjọ ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, ti gbé iṣẹ́ ìdènà omi níbẹ̀ jáde, òkun ṣì ń jẹ ilẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ti lo ọdún gbọọrọ nínú òkùnkùn. Ọ̀dọ́ tó jáde nílé ẹ̀kọ́ tí kò ríṣẹ́, tí ilé bàbá rẹ̀ sì ti wọ omi, kò ní ṣàì dẹtí sí ẹni tó bá ní owó á di ìlọ́po méjì. Ìjọba tó bá ń ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún oníjìbìtì.

A kò sì sọ pé jìbìtì ni gbogbo kírípítò. Bitcoin ti wà láti ọdún 2009. Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, tó ní kí àwọn báńkì yẹra fún un ní oṣù kejì ọdún 2021, ti yí òfin náà padà ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Ní 2024, àjọ SEC tó ń mójú tó ìdókòwò fún àwọn iléeṣẹ́ kírípítò Quidax àti Busha ní àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ojúlówó pàápàá ń léwu: Bitcoin tó lé ní 68,000 dọ́là ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 16,000 nígbà tó pé ọdún kan. Owó àwọ̀n, owó ẹ́ńjìnnì, owó ilé ìwé ọmọ àti owó èsúsú kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Òfin wà. Òfin Ìdókòwò tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2025 dárúkọ irú jìbìtì Ponzi yìí ní tààrà, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá àti owó ìtanràn tí kò ní dín ní ogún mílíọ̀nù náírà lélẹ̀ fún un. Kò pẹ́ sígbà náà ni CBEX wó, tí SEC sì kéde pé wọn kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn rí. Ẹ̀yin ará wa, ẹ jọ̀wọ́, ìwé CAC tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri kì í ṣe àṣẹ láti gba owó ìdókòwò. Ó kàn fi hàn pé wọ́n forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ni. Àṣẹ SEC ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì lọ wá orúkọ wọn nínú ìwé SEC fúnra yín. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ohun tí a fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Kí SEC àti EFCC má fi ìkìlọ̀ wọn mọ sí Ábújá àti sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n gbé e wá sórí rédíò OSRC ní èdè Yorùbá àti ní ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ, kí wọ́n sì rán èèyàn wá sí èbúté Igbọ́kọ̀dá ní ọjọ́ ọjà. Kí àwọn ọba wa, Olúgbò ti Ugbò àti Amàpetu ti Màhìn, fi ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn baálẹ̀ wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí pásítọ̀ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àga ìwàásù polówó òwò tí òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣàlàyé. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ ọ́ sínú òfin wọn pé owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ibi tí SEC kò fọwọ́ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ pàdánù, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo owó tí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ fún EFCC. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó díẹ̀ kí òun tó bá yín gba púpọ̀ jáde, oníjìbìtì kejì ni. Lẹ́yìn tí CBEX wó, wọ́n ní kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó 1,000 dọ́là san 100, kí ẹni tí tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ san 200, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ló ni ín. Àwọn tó san án pàdánù lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ mú àwọn ẹlòmíràn wọlé, ọ̀rọ̀ yín ló kù. A gbà pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kọmíṣọ́ọ̀nù tó wọ àpò yín, láti inú owó ọmọ ìyá yín ló ti jáde. Kò síbòmíràn tó lè ti wá. Ẹ pe àwọn tí ẹ mú wọlé jọ, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kí ẹ sì dá owó náà padà, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí ni ìdájọ́ wa.