Àpérò Oníbúlọ́ọ̀gù Kì í Ṣe Òde Àríyá

Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ búlọ́ọ̀gù bá gbọ́ pé àpérò àwọn oníbúlọ́ọ̀gù yóò wáyé ní Èkó, ìbéèrè tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò bèèrè bóyá àwọn gbajúmọ̀ yóò yọjú, bóyá wọn yóò pín àpò fún àlejò, àti bóyá oúnjẹ wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ku díẹ̀ kí ó bèèrè iye tí wọ́n ń ta aṣọ ẹbí. Ẹni tí yóò wọkọ̀ ní ìdájí láti Ṣakí tàbí Ọ̀ffà, tí yóò san owó ọkọ̀, owó ibùsùn àti owó tíkẹ́ẹ̀tì nítorí iṣẹ́ tí kò tíì mú kọ́bọ̀ wọlé fún un, ni ó ń múra bí ẹni tó ń lọ síbi òkú àgbà. Bí ó ṣe lọ náà ni yóò ṣe bọ̀: fọ́tò rẹpẹtẹ nínú fóònù, ìdìpọ̀ káàdì tí kò rántí ojú àwọn tó fún un, àti ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kan sí láyà. Búlọ́ọ̀gù rẹ̀ yóò wà bó ṣe wà.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àwọn tó ń ṣètò irú àpérò bẹ́ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sọ gbọ̀ngàn àpérò di ibi tí ẹnìkan ti ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, tí àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́. Olùsọ̀rọ̀ kan á sọ bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀ láìní nǹkan kan lọ́wọ́, òmíràn á sọ bí búlọ́ọ̀gù ṣe ra mọ́tò fún òun, ẹ̀kẹta á ní kí gbogbo ènìyàn dìde dúró, kí wọ́n sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé ọdún yìí ni tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí owó mọ́tò náà ti wá ní tòótọ́, kí ó bojú wẹ̀yìn gbọ̀ngàn, níbi tí ọmọ-iṣẹ́ olùsọ̀rọ̀ ti tẹ́ tábìlì, tó ń kọ orúkọ àwọn tí yóò sanwó fún ẹ̀kọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Irú àpérò yìí kò bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, Dave Winer, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ń kọ búlọ́ọ̀gù, pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sí Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà fún àpérò tí wọ́n pè ní BloggerCon. Ohun tí wọ́n fi ń dá àpérò náà mọ̀ ni pé ẹni tó dúró níwájú kì í wá sọ àsọyé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu àwọn tó jókòó, nítorí ìmọ̀ tó wà nínú yàrá ju ti ẹnìkan lọ. Ní ọdún 2005, nígbà tí àwọn kan ń bèèrè lemọ́lemọ́ pé níbo ni àwọn obìnrin tó ń kọ búlọ́ọ̀gù wà, Elisa Camahort, Jory Des Jardins àti Lisa Stone kò jókòó sílé máa ṣàròyé. Wọ́n pe àpérò BlogHer sí ìlú Santa Clara ní ìpínlẹ̀ California, àwọn obìnrin náà sì jáde wá. Ìbéèrè kan ló bí àpérò yẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni èyí, kí ó rántí ọdún 1875. Ní ọdún náà, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe alága àpérò kan ní Èkó, níbi tí wọ́n ti jókòó láti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ìpinnu ibẹ̀ ni àkọtọ́ Yorùbá dúró lé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Wọ́n gbé ìṣòro lọ, wọ́n gbé ìpinnu bọ̀. Kò sí ẹni tó rántí aṣọ tí wọ́n wọ̀.

Lónìí, àpẹẹrẹ tó súnmọ́ ilé ni WordCamp, àpérò àwọn tó ń lo WordPress. WordPress ni irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003, tí àìmọye búlọ́ọ̀gù lágbàáyé dúró lé lórí. WordCamp àkọ́kọ́ wáyé ní San Francisco ní ọdún 2006. Ní ọdún 2018, ó wáyé ní Èkó. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣètò rẹ̀, wọn kì í sì í sanwó fún olùsọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ fi sọ́kàn jù ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nínú gbọ̀ngàn ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ sórí fídíò, tí wọ́n á sì gbé sí WordPress.tv, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó jókòó sí Ṣakí lè gbọ́ ohun tí olùsọ̀rọ̀ sọ ní Èkó, ní Berlin àti ní Tókíò, kí ó sì dá a dúró nígbà tí ọmọ bá ń ké. Kí wá ni ẹni tó wọkọ̀ ní ìdájí ń wá lọ?

Ohun tí kámẹ́rà kì í ká ni. Ní ọ̀pọ̀ WordCamp, tábìlì kan máa ń wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú jókòó tì, tí wọ́n ń dúró de ẹni tí ìkànnì rẹ̀ dàrú. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwọ yóò ṣí kọ̀ǹpútà rẹ, ìwọ yóò fi ibi tó bàjẹ́ hàn wọ́n, wọn yóò sì bá ọ wò ó. Ní ọ̀pọ̀ ibi pẹ̀lú, wọ́n máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn tún WordPress ṣe, àti àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí oríṣiríṣi èdè ayé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, níbi tí olùsọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle ti ń mu omi, tó sì ti di ènìyàn bíi ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá jókòó sínú gbọ̀ngàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sínú ìwé, ti fi owó ọkọ̀ ra ohun tí wọ́n ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó yan ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó kan iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, kí ó gbọ́ wọn, kí ó sì jáde.

Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò wúlò fún ẹni tí kò gbé nǹkan kan dání. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó ń fi Yorùbá kọ búlọ́ọ̀gù ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé àwọn ìṣòro tirẹ̀ kì í sí nínú ìwé ìlànà kankan. Kọ̀ǹpútà kò ní àmì kan ṣoṣo fún «ẹ́». «É» ní tirẹ̀, «ẹ» ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n àpapọ̀ ni «ẹ́»: lẹ́tà kọ́kọ́ wà, wọ́n á wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Nínú fọ́ǹtì tí kò dára, àmì náà á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo yọ síbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ láti orí «ẹ», kí ó fi àmì ohùn kún un. Ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láti orí «é», kí ó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò bá gbọ́n tó yóò ka ọ̀rọ̀ kan náà sí méjì. Òǹkàwé tó bá tẹ «owo» sínú ẹ̀rọ ìwákiri ńkọ́? Ṣé owó ló ń wá ni, àbí ọwọ́, àbí ọ̀wọ̀, àbí ìlú Ọ̀wọ̀? Òǹkọ̀wé tó fi gbogbo àmì sí ibi tó yẹ, ṣé ẹni tó ń wá a yóò rí i, àbí iṣẹ́ rere ni yóò fi í pamọ́? Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ìpolówó ọjà sórí ìkànnì, ṣé wọ́n ń gba ojú-ìwé tí wọ́n kọ ní Yorùbá?

Ẹni tó bá gbé ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí lọ sí àpérò, tó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, tó sì ní àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú fóònù láti fi hàn, kò lọ síbẹ̀ bí alágbe. Ohun tí ẹlẹ́rọ tó jókòó tì í lẹ́nu ìrẹsì kò rí rí ló gbé wá fún un. Irú àwọn ẹlẹ́rọ bẹ́ẹ̀ sì fẹ́ràn ìṣòro tuntun ju ìyìn lọ.

Èyí ló mú kí ìwà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń hù níbẹ̀ burú tó bó ṣe burú. Wọ́n á bi ọ̀dọ́ kan léèrè ohun tó ń kọ, á ní búlọ́ọ̀gù kékeré kan ni. Wọ́n á bi í léèrè èdè tó fi ń kọ ọ́, á ní Yorùbá ni, *ṣùgbọ́n* òun ń gbèrò láti yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìpẹ́. «Ṣùgbọ́n» yẹn ló ń ba gbogbo ìrìn-àjò náà jẹ́. Ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn, Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà ti inú Yorùbá jáde, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni ń tọrọ gáfárà nítorí rẹ̀. Àwọn kan yóò ní kò sí ẹni tí yóò ka Yorùbá ní irú ibẹ̀. Ní Èkó ni? Níbi tí awakọ̀ tó gbé e débẹ̀, obìnrin tó bu oúnjẹ fún un, àti bóyá ẹni tó gbà á láwìn lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, gbogbo wọn ló ń sọ ọ́?

Òtítọ́ ni pé ojú máa ń ti ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbọ̀ngàn tó kún fún àwọn tó ti mọra wọn tẹ́lẹ̀ kì í rọrùn láti wọ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó ń lọ sí irú àpérò báyìí ní àṣà dáadáa kan: bí wọ́n bá dúró yí ká tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n á fi àyè ẹnìkan sílẹ̀ kí àlejò lè wọlé sí i. Níbi tí kò bá sí irú àyè bẹ́ẹ̀, kí ẹni tuntun wá orúkọ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta láàárín àwọn tí yóò wá, kí ó ka iṣẹ́ wọn kí ọjọ́ náà tó pé. Ọmọ Yorùbá kò nílò ẹ̀kọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣáájú lẹ́nu iṣẹ́. «Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí ọ̀rọ̀ ìdìbò, ibì kan sì rú mi lójú níbẹ̀.» Ọ̀rọ̀ yẹn á mú kí ẹni náà dúró. «Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò» á mú kí ó rẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí ó sì máa lọ. Ohun kan tún wà: àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó bá ìlú kan náà wá, tí wọ́n jókòó pọ̀, tí wọ́n jẹun pọ̀, tí wọ́n sì jọ padà, ìbá sàn kí wọ́n jókòó sí ilé ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n sì fi owó ọkọ̀ ra dátà.

Ìgbádùn kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ wọ aṣọ tuntun, kí ó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé àpérò ni wọ́n máa fi mọ ẹni tó lọ síbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ náà ni ó yẹ kí ènìyàn mẹ́ta gba àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọwọ́ rẹ̀, tó rán wọn létí ohun tí wọ́n jọ sọ, kì í ṣe ẹyọ «ẹ kú àárọ̀» lásán. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó kọ ohun tó rí àti ohun tó gbọ́ sórí búlọ́ọ̀gù rẹ̀, ní Yorùbá, pẹ̀lú ìdáhùn tí ó rí gbà fún ìṣòro tó gbé lọ, kódà bí ìdáhùn náà bá jẹ́ pé kò tíì sí ọ̀nà àbáyọ. Àwọn tí kò rówó ọkọ̀ wà ní Ìsẹ́yìn àti Ìkàrẹ́, wọ́n ń dúró de irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n púpọ̀.

Àwọn olùṣètò náà ní ìdáhùn láti fọ̀. Ní Jàpáánù, èdè Jàpáánù ni wọ́n máa ń fi sọ̀rọ̀ ní WordCamp wọn. Ní Sípéènì, èdè Sípéènì ni. Kò sí ẹni tó pe èyí ní àìlajú. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń gbé jáde fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti àpérò àkọ́kọ́ rẹ̀. Kí ó fi Yorùbá kọ àkòrí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú rẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀, kí àwọn olùṣètò Èkó àti Ìbàdàn wá fi ẹnu ara wọn sọ ìdí tí wọn kò fi ní gbà á.