Òùngbẹ Ló Ń Gbẹ Irúgbìn Náà
Nígbà tí wọ́n gé igi flamboyant ẹnu ọ̀nà wa láti mú títì gbòòrò, mo ṣa irúgbìn mẹ́wàá lábẹ́ rẹ̀. Mo gbìn wọ́n, mo bomi rin wọ́n fún oṣù kan gbáko. Ẹyọ kan kò hù. Mo tú ilẹ̀ wò: wọ́n ṣì le koko bí òkúta.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, wọn kò kú. Èèpo irúgbìn igi ará Madagásíkà yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí omi kì í tètè ráyè wọlé.

Mo gbé omi kaná. Bí ó ti hó, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo da irúgbìn sí i di ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe sè é lórí iná o! Mẹ́fà wú; wọ́n ti mumi nìyẹn. Mo fi sáńpépà ha ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin tó kù títí èèpo wọn fi fẹ́lẹ́, mo sì tún rẹ wọ́n.

Mẹ́jọ ló hù. Bí ẹ ó bá gbin tiyín, ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ògiri, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa tàn káàkiri. Kí a tó pe irúgbìn ní òkú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti mumi.