Obìnrin tí Òfin Sọ di Òkú Láàyè

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ẹni tí ó bá ti ka ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín yín yóò ti pàdé Richard Neville, Earl ti Warwick, tí àwọn òpìtàn ń pè ní Afọbajẹ. Òun ni ó ran Edward Kẹrin lọ́wọ́ dé orí ìtẹ́ ní 1461, òun náà ni ó sì lé e kúrò ní 1470. A kò jiyàn èyí. Ìbéèrè wa ni pé, ta ni ó ni oyè tí ọkùnrin náà fi ń lo agbára?

Aya rẹ̀, Anne Beauchamp, ni ó ni ín. Ní 1426 ni a bí obìnrin yìí fún Richard Beauchamp, Earl ti Warwick, láti kékeré ni wọ́n sì ti fi í fún Neville. Henry arákùnrin rẹ̀ kú ní 1446. Ọmọbìnrin kékeré kan ṣoṣo tí ó fi sílẹ̀ kú ní 1449. Ìyàwó àkọ́fẹ́ bàbá wọn ti bí ọmọbìnrin mẹ́ta ṣáájú, ṣùgbọ́n òfin Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ní ẹni tí ó bá òkú pín ìyá àti bàbá kan náà ni ó ń jogún òkú, kì í ṣe ọbàkan. Anne nìkan ni ó bá Henry pín ìyá àti bàbá kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá ẹjọ́ ogún kò ní í yà yín lẹ́nu pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbà. Síbẹ̀ ọwọ́ Anne ni oyè dúró sí, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sì ti kan ọkọ rẹ̀. Oyè Salisbury tí Neville tún jẹ ńkọ́? Alice Montagu, ìyá rẹ̀, ni ó ni ín. Oyè Afọbajẹ méjèèjì, ọ̀nà obìnrin ni wọ́n gbà wá!

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 1471, wọ́n pa Neville lójú ogun ní Barnet. Anne ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Faransé gúnlẹ̀ ni. Ó sá wọ ilé àwọn mọ́ńkì ní Beaulieu, ọba sì fi ẹ̀ṣọ́ tì í síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọba, sí ayaba, sí ìyá ọba àti àwọn àbúrò rẹ̀, àní sí ọmọbìnrin ọba tí ó ṣì wà ní kékeré. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi kọ èyí tí ó lọ sọ́dọ̀ ọba, nítorí kò rí akọ̀wé.

Kí ni èsì? George, Clarence, àbúrò ọba, ni ó fẹ́ Isabel, àkọ́bí Anne. Richard, Gloucester, àbúrò ọba kejì, fẹ́ àbúrò Isabel. Àwọn àna méjì yìí, tí ó yẹ kí wọ́n máa dọ̀bálẹ̀ fún un, ń jà sí ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1474 Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pàṣẹ pé kí wọ́n pín in bí ẹni pé Anne ti kú. Obìnrin tí ó ń mí, tí ó ń jẹun!

Àwọn kan a máa wí pé ọkọ rẹ̀ ṣọ̀tẹ̀, pé èrè ọ̀tẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ogún obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ilẹ̀ yìí, kì í ṣe ti ọkọ. Bí ó bá sì ṣe pé ọ̀tẹ̀ ni wọ́n ń jẹ níyà, báwo ni Clarence, tí ó bá Warwick ṣọ̀tẹ̀ ní 1470, ṣe gba ìpín tirẹ̀? Wọ́n tún ń yin Gloucester pé ó mú ìyá aya rẹ̀ lọ sí Àríwá ní 1473. Àánú wo ni ti ẹni tí ó fún ọ ní yàrá, tí ó sì gba ilẹ̀ rẹ?

Àlùfáà John Rous, ará Warwick, jẹ́rìí pé ó fẹ́ràn láti wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí ń rọbí. Òun fúnra rẹ̀ sin ọmọ rẹ̀ méjèèjì: Isabel kú ní 1476, Anne kékeré, tí ó di ayaba ní 1483, kú ní 1485.

Nígbà tí Henry Keje jọba, ó dá ilẹ̀ náà padà ní 1487. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Kí ọdún náà tó parí, Anne ti fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lé ọba lọ́wọ́. Ìdí náà ni wọ́n ṣe dá a padà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ Edward, ọmọ Isabel, tí ì bá jogún rẹ̀, wà nínú túbú ní Ilé-ìṣọ́ London. Anne kú ní 1492. Ní 1499, Henry bẹ́ orí ọmọ náà.