Ìwà Gẹ́gẹ́ Bí Ìdógò: Àwọn Oníṣòwò Látínò àti Owó Okòwò ní Amẹ́ríkà

Nínú ìwádìí tí iléeṣẹ́ ìkànìyàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ti àwọn Látínò, ìyẹn àwọn tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípáníìṣì, lé ní mílíọ̀nù 3.3, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.3 lọ ní ọdún 2007. Ìdàgbàsókè yìí wúni lórí, ṣùgbọ́n nínú mẹ́wàá wọn, ó kéré tán mẹ́sàn-án ni kò ní òṣìṣẹ́ kankan tó ń gbowó, èyí tó fi hàn pé olówò fúnra rẹ̀ ló ń dá iṣẹ́ ṣe, tó sì ń dá àdánù gbé.

Àìsí owó wà lára ohun tó fà á, kì í ṣe àìní akíkanjú. Kí bánkì tó yáni lówó, yóò béèrè ìdógò, ìyẹn ohun ìní tí ó lè gbẹ́sẹ̀ lé bí ayáwó kò bá san gbèsè, yóò sì béèrè àkọsílẹ̀ bí onítọ̀hún ti ń san gbèsè látẹ̀yìnwá. Ohun méjèèjì yìí kì í sábà sí lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, tó ń gbé ilé háyà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ Mẹ́síkò fi ń dá tanda, tí kò yàtọ̀ sí èésú láàárín Yorùbá: gbogbo ẹgbẹ́ a dá iye kan náà, ẹnì kan a kó o, títí yóò fi kárí. Tanda lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ká àtikọ́ ilé ìkẹ́rù, ẹni tó sì dá a fún ogún ọdún láìyẹ̀ kì í ní àkọsílẹ̀ kan tí bánkì yóò kà sí.

Ìlú Miami fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Lẹ́yìn tí Fidel Castro gorí àlééfà ní Kúbà ní 1959, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Kúbà sá lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo, àwọn òṣìṣẹ́ bánkì tó jẹ́ ọmọ ìlú wọn sì ń yá wọn lówó lórí ìwà, èyí ni pé orúkọ rere tí ayáwó ti ní ní Havana, olú-ìlú Kúbà, ni wọ́n gbà bí ìdógò. Onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, Alejandro Portes, ti ṣàlàyé ipa tí ẹ̀yáwó yìí kó nínú bí òwò Kúbà ṣe gbilẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ibi tí ojúlùmọ̀ mọ ni àǹfààní náà mọ: àwọn ọmọ Kúbà tó gba èbúté Mariel ní Kúbà dé ní 1980, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ní bánkì kò mọ̀, kò rí irú rẹ̀ gbà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwà ṣeé yáni lówó lé, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ ojúlùmọ̀ nìkan ni yóò jẹ́rìí sí i. Sísan owó ilé lásìkò, dídá tanda láìyẹ̀ àti ìwé ọjà títà ojoojúmọ́ jẹ́ ẹ̀rí tí bánkì lè kọ sílẹ̀, kó sì gbé ìpinnu lé. Níwọ̀n bí ìkànìyàn 2020 ti fi hàn pé àwọn Látínò ju mílíọ̀nù 62 lọ, tí wọ́n súnmọ́ ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ará Amẹ́ríkà, àìka ẹ̀rí wọ̀nyí sí kò mọ sí ìyà àwọn oníṣòwò náà nìkan. Ó tún ń du àwọn tí wọn ìbá gbà síṣẹ́ ní oúnjẹ òòjọ́ wọn.