Ọrùn Tó Ń Dùn Wá: Oko Ríro Kì Í Ṣe Eré Ìdárayá

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti oníṣòwò wa ní Ẹdúnàbọ̀n, Mòrò, Yákòóyò àti gbogbo agbègbè wa, ọ̀rọ̀ ọrùn ríro la mú wá lónìí.

Tá a bá ti ní kí ẹni tí ọrùn ń dùn ṣe eré ìdárayá, èsì kan náà là ń gbọ́: "Àgbẹ̀ tó ń roko látàárọ̀, eré ìdárayá wo ló tún kù?" Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣì í gbé.

Ẹ wò ó. Ẹni tó ń fi gò já kókó, òkè lojú ẹ̀ ń wò ṣáá. Ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́, ńṣe ló dorí kodò. Ìyá tó ru gaàrí lọ sọ́jà, òṣùká lè gba àtàrí ẹ̀ sílẹ̀, ọrùn ló ru gbogbo ẹrù. Iṣẹ́ wa máa ń fi ọrùn sójú kan náà títí á fi rẹ̀ ẹ́. Eré ìdárayá tí à ń wí yàtọ̀: díẹ̀díẹ̀ ló ń fún iṣan lágbára, níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, tí á sì jẹ́ kó sinmi.

Kì í ṣe àbá lásán. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ Cochrane kó ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí ẹ̀ jọ. Wọ́n rí i pé eré ìdárayá tó ń fún iṣan ọrùn àti èjìká lágbára lè dín ìrora ọrùn tó ti pẹ́ kù, ìyẹn èyí tó ju oṣù 3 lọ. Nínà ọrùn nìkan ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan.

Kẹ́ ẹ tó mú àdá láàárọ̀, ẹ jókòó, kí ẹ̀yìn yín nà dáadáa:

1. Ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn láìgbójú sókè. Ẹ ka 5, kẹ́ ẹ dẹ̀ ẹ́. Ìgbà 10.
2. Ẹ fọwọ́ lé iwájú orí. Kí orí rọra máa ti ọwọ́, kí ọwọ́ má gbà fún un. Ẹ ka 5. Ẹ ṣe é ní ìpàkọ́ àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìgbà 5 níbì kọ̀ọ̀kan.
3. Ẹ fa èjìká méjèèjì sẹ́yìn bíi pé wọ́n fẹ́ kan ara wọn. Ìgbà 10.

Ẹ fún un tó ọ̀sẹ̀ 6, ó kéré tán. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Oògùn ara ríro tá à ń rà ní kẹ́míìsì lójoojúmọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó bá pẹ́ lára, lè dá egbò síkùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára yí ọrùn yín kó lè dún.

Ṣùgbọ́n o, tọ́wọ́ bá ń kú, tẹ́sẹ̀ ò lágbára mọ́, tí ibà mú yín tí ọrùn sì gan, tàbí tó jẹ́ pé ẹ já látorí ọ̀pẹ tàbí ọ̀kadà, ẹ má ṣe eré ìdárayá kankan. Ilé ìwòsàn ni kíá! Fún ọrùn tó kàn ń ro láìlọ, àwọn onífisiotẹ́rápì wà ní OAUTHC, Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà sí wa.

Àdá tí ò mú, a máa ń pọ́n ọn ká tó lọ sóko. Ẹ jẹ́ ká máa tọ́jú ọrùn wa bẹ́ẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀.